Gọ́tà Tí Ọ̀gá Mi Ń Wí

Ẹni tó bá sọ pé mi ò mọ gọ́tà tọ́jú, irọ́ ló pa mọ́ mi. Ní ọdún 1969 tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sí gọ́tà tó mọ́ tó tèmi ní gbogbo Pọtakọ́ọ̀tù. Mo fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, mo fi ìgbálẹ̀ gbá a, mo tún fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Adìẹ tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá á kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Sójà kan dúró lójú ọ̀nà, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú omi ibẹ̀, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé. Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ bi ìyàwó mi. Tàbí kẹ́ ẹ má bi í. Ó ti bà mí jẹ́ tó.

Káfíńtà ni mí nígbà náà. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí èmi àti tíṣà fi gbà pé ó tó. Ogun ò tíì tán, ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fara balẹ̀ ni, ilé sì ṣòro rí. Ọ̀gá kan, ará Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ sitọ́kípà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ló fún èmi àti ìyàwó mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó ní ká ṣe ò ju pé ká máa bá òun tọ́jú ilé. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù méje, òjò Pọtakọ́ọ̀tù sì ti wọlé, òjò tí kì í béèrè bóyá aṣọ ẹni ti gbẹ. Ẹni tí wọ́n bá lé síta nínú òjò yẹn pẹ̀lú aboyún, àfi kó lọ bá ẹja gbé.

Ọ̀gá mi fẹ́ lọ gbé ìyàwó ní Ìbàdàn. Òyìnbó ò tán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sín pàápàá, òyìnbó ló fi ń sín. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pọ́tímáńtò lọ́wọ́.

"Gọ́tà," ló wí. "Mo tún un sọ, gọ́tà! Igi yìí á máa já ewé sínú rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kó o máa kó o. Bí omi bá fi lè kan àjà ilé mi, ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ wábi gbà."

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo dá a lóhùn. "Gọ́tà tí mo bá dúró tì, ewé ò ní gbójú débẹ̀."

Igi furúùtù ńlá kan ló ń wí, tó na apá bo òrùlé. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. Mo ti bu ẹ̀bà sórí ọ̀kan jẹ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "gọ́tà" fún yín, ibo lẹ máa wò? Ṣebí ilẹ̀ ni. Kòtò oníṣimẹ́ńtì tó gba iwájú ilé kọjá, tí bọ́ọ̀lù ọmọdé ń já sí, tí ọ̀mùtí ń sùn sí. Páànù gígùn tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé, tó ń darí òjò sínú àgbá omi, páànù ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ lèmi mọ̀ ọ́n sí. Ní ìlú wa, ìkòkò là ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gùn ún lọ gbá. Bí ọ̀gá ṣe wá ní kí omi má kan àjà, mo rò ó dáadáa, ó sì yé mi: bí kòtò iwájú ilé bá dí, omi á kún wọ pálọ̀, á ga, á ga, títí á fi kan àjà. Mo ní háà, ọ̀gá yìí gbọ́n o.

Ni mo bá dojú kọ kòtò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ìyàwó mi pè mí.

"Ọkọ mi, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ò já sínú àgbá mọ́ o. Òjò ń rọ̀ láti àná, àgbá sì gbẹ."

"Ibòmíràn lòjò yẹn ń rọ̀ sí."

"Èyí tó ń rọ̀ sórí ilé wa yìí?"

"Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ sí Rumuolumeni."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò ṣeé dá padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọ yàrá ọ̀gá láti gbálẹ̀, ìyàwó mi tẹ̀lé mi. Mo gbójú sókè. Àjà tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun ti yọ ikùn. Ó yọ́ wálẹ̀ bẹ̀ǹbẹ̀, omi ń kán ní ìdodo rẹ̀. Mo wo ikùn àjà, mo wo ikùn ìyàwó mi, mi ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ bí nínú àwọn méjèèjì.

"Ẹ ò kó gọ́tà ni?" ìyàwó mi bi mí.

"Gọ́tà wo? Gọ́tà tó o lè fi jẹ iyán!"

Àfi bí dírẹ́bà lọ́rì kan ṣe mú lẹ́tà dé lọ́jọ́ náà gan-an: ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la.  Ìyàwó mi lọ sí yàrá wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ tí a ò tíì bí sínú agbọ̀n. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo gbé ṣọ́bìrì, mo sáré lọ bá kòtò mi. Ìyá arúgbó kan, ọmọ Ikwerre tó ń ta ìṣáwùrú, ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń wò mí láti ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"My pikin, who wan marry inside that gutter?"

"Mama, water don full ceiling. Oga say make I clear gutter."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ọgbà mú. Ó wá na ọ̀pá rẹ̀ sí etí òrùlé. "Na that one! Gutter wey dey up!"

Mo gbójú sókè wo páànù ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Mi ò ní àkàbà. Mo gbé tábìlì, mo gbé bẹ́ǹṣì lé e, mo gbé odó lé bẹ́ǹṣì, mo sì gun gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ bàbá mi.

Ohun tí mo bá lókè kọjá ewé. Ewé ti jẹrà di ilẹ̀ dúdú. Igi ìbẹ́pẹ kan ti hù dé orúnkún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú omi tí kò rọ́nà lọ tó wá ń gba abẹ́ páànù wọ àjà, ẹja àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi dùbúlẹ̀, ó ń wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé. Mo kì í mọ́lẹ̀, mo jù ú sísàlẹ̀. Mo wá ki ọwọ́ bọ ẹnu páìpù, mo fa ìdì ewé tó dí i yọ.

Omi já bí màlúù tó já okùn. Ó gbá odó, odó gbá bẹ́ǹṣì, èmi ń fì dirodiro.

"No fall o!" ìyá náà ń pariwo. "You go dirty your gutter!"

Mo já. Inú gọ́tà tí mo ti ń fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo já sí, mi ò sì fi ibì kankan ṣèṣe. Ẹ wo èrè ìmọ́tótó.

A sun ẹja náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé orí rẹ̀ fún aboyún. Mo fi ìṣó dá ikùn àjà lu kí omi rẹ̀ lè jáde, mo gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ro tó, tó, tó nìyẹn títí ọ̀gá fi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Gọ́tà!" Ọ̀gá fò sókè. "Kí ni mo sọ? Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ọ̀gá, mo ṣe gọ́tà. Ẹ wá wò ó."

Mo mú wọn lọ síwájú ilé. Ìyàwó tuntun bẹ̀rẹ̀, ó wo kòtò.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló ń fi ọṣẹ fọ gọ́tà báyìí?"

"Kì í ṣe gọ́tà yìí! Gọ́tà òkè!" ọ̀gá wí.

"Ṣé ẹ sọ òkè fún un?"

"Ó yẹ kó mọ̀ ni."

"Èmi tí mo kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, bẹ́ ẹ bá ní gọ́tà fún mi, ilẹ̀ ni n ó wò."

Ọ̀gá sín. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló fi sín. Ìyàwó tuntun wo ikùn ìyàwó mi, ó wo agbọ̀n aṣọ ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ṣebí káfíńtà ni yín? Ẹ bá wa pààrọ̀ àjà yẹn. Àǹtí, ẹ gbé agbọ̀n yẹn padà sínú ilé."

Ọ̀gá tún ojú ṣe. "Láti òní lọ, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wàá máa gun òkè lọ kó ewé kúrò nínú… nínú…"

"Páànù ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ọ̀gá."

"Òun náà."

Nínú òjò ni ìyàwó mi bímọ, ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń dà wàá sínú àgbá. Omi àgbá náà la fi wẹ ọmọ. Títí dòní, ìyàwó mi ń wí fáyé pé ọ̀pọ̀lọ́ ni mo bá nínú páànù. Mi ò bá a jiyàn. Èmi kọ́ ni mo jẹ orí rẹ̀.