Bí Mo Ṣe Pe Ìmìtìtì Ilẹ̀ Ní Odó Jéró

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́, aṣọ funfun ni mo wọ̀. Ta ló sọ fún mi pé èéfín la fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Nígbà tí mo padà délé wa ní Yantala, ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ráímì, ṣé ìwé Faransé tí a rán ọ lọ kà nìyí, àbí èédú lo lọ ń tà?"

Ayé ìgbà tí owó yùréníọ́ọ̀mù wọ Niamey ni, tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń hù káàkiri, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń sáré lọ síbi ìwakùsà ní Arlit. Èmi ní tèmi, inú kòtò oníkọnkéré kan lẹ́yìn ìlú ni mo wà, mò ń ṣọ́ ìwé. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Iṣẹ́ náà rèé. A ó na ìwé sára agolo ńlá kan, a ó fi èéfín àtùpà kẹrosíìnì kùn ún títí yóò fi dúdú kirikiri. Agolo náà á máa yí, abẹ́rẹ́ kan á máa ha ìlà funfun sí ìwé lára tọ̀sán-tòru. Bí ilẹ̀ bá mì gan-an níbì kan láyé, abẹ́rẹ́ á gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ó tú ìwé, a ó ha ohun tí a bá rí sí i lára, a ó sì rì í sínú fánííṣì. Tó bá ti gbẹ, ó parí. Ohun tí o kọ, o ti kọ ọ́ nìyẹn.

Sumana ni orúkọ ọ̀gá mi, ọmọ Zarma ni. Bayarabe ló máa ń pè mí, ìyẹn ni pé Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Niamey ni wọ́n bí mi sí, n kò sì dé Ìlọrin bàbá mi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Òun ló kọ́ mi pé ilẹ̀ ayé kì í ṣe odindi kan, pé pẹpẹ ńláńlá ni, wọ́n sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Èyí tí àwa wà lórí rẹ̀ ń ti èyí tó gbé Yúróòpù. Níbi tí àwọn méjèèjì ti forí gbárí, ní àríwá Àlìjẹ́ríà, ilẹ̀ a máa tẹ̀ bí igi tí a fi orúnkún tẹ̀. Ó lè tẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó má ṣẹ́. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́, ilé á wó.

"Ìgbì méjì ló ń ti ibẹ̀ wá," ni ọ̀gá máa ń sọ. "Ọ̀kan yára, ọ̀kan ń wọ́. Ka àlàfo àárín wọn, wàá mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Kò ní sọ ìlú tó jẹ́ fún ọ. Ohun tí ìwé ò bá sì sọ, má bá a sọ ọ́."

Ọ̀tá wa kan ṣoṣo ni Haúwà, ìyàwó máígádì. Tó bá ti ń gún jéró lẹ́yìn ògiri, abẹ́rẹ́ wa á máa jó. Nínú ààwẹ̀, gbogbo ọ̀sán ló ń gún un de ìṣínu. Èmi á kàn kọ "odó" síbẹ̀, ó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, oorun sààrì ṣì wà lójú mi. Mo tú ìwé àná, mo rí i pé ìlà ti dàrú lákòókò tí Haúwà máa ń gún jéró rẹ̀. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ "odó", mo rì í sínú fánííṣì, mo fi kọ́ sórí okùn.

Kò pẹ́ ni ọ̀gá wọlé. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.

"Rédíò ní ilẹ̀ mì ní àríwá Àlìjẹ́ríà lọ́sàn-án àná. Ìlú wó. Wọn ò dárúkọ ìlú."

Fati, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Ọ̀gá ti lọ sí pósítì, wọ́n ní wáyà kò lọ.

Mo nawọ́ mú ìwé náà. "Odó" wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí, iṣẹ́ ti bọ́. Rúlà ni ọ̀gá nà sí mi.

"Kà á. Ojú mi ò ríran."

Mo kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló wà láàárín ìgbì méjèèjì. Mo ṣírò rẹ̀, mo fi kọ́ńpáàsì fa òbírí yí Niamey ká lórí máàpù. Ìlà náà gba ìlú Fati kọjá. Ó sì gba ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lápá ibẹ̀ kọjá.

"Bayarabe, wò ó dáadáa. Ìwọ̀-oòrùn ìlú Fati ló ti mì, àbí?"

"Ọ̀gá, ìwé ò sọ ìyẹn."

"Ìwọ sọ ọ́!"

Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ń bẹ̀ mí yìí o. Irọ́ kan péré ni, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan. Ó dé ètè mi. Ọlọ́run ló mọ ohun tó dì í mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Mi ò mọ̀."

"Jáde!"

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Àárọ̀, pósítì, ìrọ̀lẹ́, pósítì. Haúwà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé odó rẹ̀ lọ sí ojúlé kẹta kí abẹ́rẹ́ wa lè rójú gbọ́ràn. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, mo sunkún.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá wọlé tòun ti tẹlígíráàmù lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: Mo wà láàyè. Mo kígbe "Àlùhámúdùlílàhì!" mo dì mọ́ ọn, àwa méjèèjì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ìgbà tó yá, ó mú ìwé tí a kọ nípa ilẹ̀ mímì náà, èyí tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní òkè òkun. Látọjọ́ tí mo ti débẹ̀, òun nìkan ló ń fọwọ́ sí irú rẹ̀. Ó tì í sí mi.

"Fọwọ́ sí i."

"Èmi kẹ̀, ọ̀gá? Èmi tí mo kọ odó?"

"Mo rí odó náà. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú ẹ̀ mọ́." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n mo wà nílẹ̀, mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o purọ́ fún mi, o ò purọ́. Ìwọ ló yẹ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́."

Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo kọ ti bàbá mi tẹ̀ lé e. Mo ti fọwọ́ síwèé níbi iṣẹ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò lè ka iye rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí n kò wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i.