Ọkọ̀ Àbúrò Mi Lórí Kẹ̀kẹ́ Ẹnjiníà

Mo ti ru ọkọ̀ ojú omi rí, láti Adégbàyí dé Akínyẹlé, pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀ àti ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá mi gbé e rù, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi sọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé Ajíbòdé, ọmọ yunifásítì kan pariwo lókè orí mi pé òun fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Mo lóṣòó fún un, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́, mo tún gbéra. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ewúrẹ́ náà. Ọ̀kan ṣì wà láyé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ mìíràn, èyí tí n ò rù.

Àbúrò mi obìnrin ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Abúlé wa wà létí adágún omi Aṣẹ́jirẹ́, àwọn oko tó dára jù sì wà lódìkejì omi. Àbúrò mi ló ń tukọ̀ gbé àwọn àgbẹ̀ lọ, tó sì ń gbé àwọn àti ẹ̀gẹ́ wọn, àwọn àti ata wọn, bọ̀. Láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ kan báyìí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ náà láti ìdí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní láti máa fi agolo gbọ́n omi bí ẹni tó ń sanwó orí. Àkókò yẹn náà ni ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé, tó ń dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, tó sì ń kó àwọn oníbàárà àbúrò mi.

Àbúrò mi sọ fún mi pé bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá bá ọkọ̀ òun lórí ilẹ̀, àwọn obìnrin aláta á ti mọ àyè ìjókòó wọn nínú ọkọ̀ onítọ̀hún, wọn ò sì ní pa dà wá mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ta ni í fi ìjókòó tó ti gbóná sí ìdí rẹ̀ sílẹ̀?

Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ tún ìdí ọkọ̀ ṣe, àwa ọkùnrin la máa ń tì í gorí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa yọ̀ bọ̀ ní èbúté, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà gbọ́.

Ẹnjiníà kì í ṣe ẹnjiníà. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan tí àwọn ẹnjiníà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bá wọn tẹ ìwé, bóyá òun náà ló ń bá wọn ra ẹ̀pà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Adégbàyí, ó ra ilẹ̀ létí omi wa, ó sì gbé oyè náà bọ̀ bí ẹni gbé àga ọ́fíìsì bọ̀. Alága ni nínú ẹgbẹ́ onílé, alága ni láàárín àwọn akọrin ìjọ Áńgílíkà wọn. Bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, ẹ ó rí i níwájú, tó ń júwe ọ̀nà fún òkú. Ó wá ní kẹ̀kẹ́ irin kan, onítáyà méjì, irú èyí tí mọ́tò máa ń fà lẹ́yìn láti fi gbé ọkọ̀ ojú omi. Kò ní ọkọ̀ ojú omi o. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló ní, bí ẹni tó ra gàárì tí kò lẹ́ṣin. Láti ọjọ́ tó ti rà á ló ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé lé e lórí.

Ó bá àbúrò mi nílé, ó ní ojú ti là kọjá kí wọ́n máa wọ́ ọkọ̀ lórí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ta ni í kọ oore alága? Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ náà bọ inú omi, ọkọ̀ léfòó gun orí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, pikọ́ọ̀pù rẹ̀ fà wọ́n gòkè dé àgbàlá àbúrò mi. Ẹnjiníà bọ́ọ́lẹ̀, ó ń nu òógùn tí kò tíì là.

Ìgbà yẹn la tó rí wàhálà. Omi ló gbé ọkọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Lórí ilẹ̀, ta ni yóò wá gbé e sọ̀? Àbúrò mi ní kí wọ́n tì í pa dà sómi kó léfòó kúrò, Ẹnjiníà ní òun ò ní tìtorí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa dà sẹ́yìn. Ibi tó ti ya gan-an ló fi jókòó lé irin. Èèyàn ò lè rí i, kò lè ha á, kò lè ki òwú bọ̀ ọ́, kò lè fi ọ̀dà dúdú dí i. Àfi kó kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Pákó ìrókò ni wọ́n sì fi kàn án, ó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹnjiníà dé pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ àti akoto lórí. Ó kó àwọn ọkùnrin abúlé jọ, ó fi èdè gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìṣọ́ra, ó tún un sọ ní Yorùbá, kò sì yé wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi jókòó sórí àpótí mi. Ó ní kí wọ́n dì í mú yíká, bí òun bá ti fọn fèrè kí wọ́n gbé e. Ó fọn ọ́n. Àwọn kan gbé bí fèrè ti ń dún, àwọn yòókù ń dúró kó dún tán. Nǹkan kan ṣoṣo tó gbéra níbẹ̀ ni ẹ̀yìn ọkùnrin kan, kò sì tíì balẹ̀ títí dòní.

Ló bá ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kan pé kó gbé ṣéènì tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì sókè wá. Ó ní kí wọ́n so ó kọ́ ẹ̀ka igi kajú tó wà lókè ọkọ̀. Kajú! Igi tó jẹ́ pé bí ọmọdé bá gùn ún, ìyá rẹ̀ á ti máa gbààwẹ̀.

“Sà, ẹ̀ka yìí ò ní dá báyìí?” ni àbúrò mi bi í.

“Màdáámù, mo ti ṣírò rẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló fi ṣírò. Ó ní kò lè yé mi. Òótọ́ ni, kò sì yé òun náà.

Wọ́n fa ṣéènì. Ọkọ̀ gbéra díẹ̀, ìwọ̀n tí adìyẹ lè gbà kọjá, Ẹnjiníà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ibi tó ti ń bọ ẹnì kejì lọ́wọ́ ni ẹ̀ka dá. Ìró rẹ̀ dé Ìkirè. Ọkọ̀ já pa dà lu kẹ̀kẹ́, ó fẹ̀gbẹ́ tì. Ọlọ́run ló ṣe é tí kò fi sẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi kò sunkún. Ó jókòó sórí ẹ̀ka tó dá, ó kọjú sí ọ̀nà omi, níbi tí a ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkùnrin yẹn. Ọ̀túnla ni ọjọ́ ọjà.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ sílé.”

Inú bí mi. Mo dìde lórí àpótí, mo wo Ẹnjiníà láti orí akoto dé ìdí bàtà, n ò sì fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́ rárá.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, bí a ò bá lè gbé ọkọ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ṣé a ò lè yọ kẹ̀kẹ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ ni? Àgbẹ̀ ló yí ọ ká. Jẹ́ kí wọ́n kọ ebè.”



Wọ́n fi igi tọ́ ọkọ̀ dúró. A kọ ebè ràbàtà sábẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, a tẹ̀ wọ́n le, a to àpò iyẹ̀pẹ̀ sórí wọn títí wọ́n fi kan pákó. Lẹ́yìn náà la wá ń wa ilẹ̀ abẹ́ táyà díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì, kẹ̀kẹ́ ń rì bí ẹni ń kúnlẹ̀ kí àna. Ọkọ̀ kò bá a rì. Ó jókòó sórí ebè. Nígbà tí àlàfo yọ láàárín wọn, a la ojú ọ̀nà fún táyà, a sì fa kẹ̀kẹ́ jáde bí ẹni fa ẹní yọ lábẹ́ ẹni tó ń sùn.

Àbúrò mi dùbúlẹ̀ gbalaja síbẹ̀ pẹ̀lú àdá kékeré. Ó ha gbogbo ohun tó hù mọ́ ìdí ọkọ̀ kúrò, ó ki òwú bọ ibi tó ya, ó fi ọ̀dà gbígbóná bò ó. Bí ọ̀dà ṣe gbẹ, a to ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ yọ̀ lọ sómi. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ dé èbúté. Aláta méjì kó ẹrù wọn sínú rẹ̀. Àwọn yòókù dúró de àbúrò mi, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ sì gbẹ táútáú.

Mo ka èyí fún un títí débí. Ó ní òun ò bínú sí ìyókù, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ń wọ ọkọ̀ òun, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n fi irọ́ gba ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ebè yẹn, irọ́ ni mo pa níbi tí mo ti ní èmi ni mo sọ ọ́. N ò dìde lórí àpótí. Ẹnjiníà ló sọ ọ́. Ó bọ́ akoto, ó bọ́ bàtà, ó ní àgbẹ̀ iṣu ni bàbá òun ní ìhà Lágelú, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ebè àkọ́kọ́. Ebè náà dára, ó dùn mí. Ohun tí èmi sọ lọ́jọ́ náà kò ju “Ẹ kú iṣẹ́, sà” lọ.