Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Wá Bẹ̀bẹ̀ fún Kàmórù

Ẹ fa àga mọ́ra, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè sọ fún ẹni tó wà lórí ìdúró.

Adájọ́ eré ẹṣin ni mo ṣe ní Chicago títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gun ẹṣin o. Ẹṣin tiwa ń fa kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan, ẹni tó ń wà á á jókòó lé e, á sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin lọ́tùn-ún lósì. Àwa adájọ́ mẹ́ta á máa wò wọ́n látòkè. Òfin ọjọ́ eré kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tó bá mutí kò gbọdọ̀ wà á. Ẹni tó bá sì yọ ẹsẹ̀ lórí irin, tó fi ta ẹṣin nípàá kó lè sáré sí i, ó ti dá ọ̀ràn.

Àlàájì Múfú ló ra awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún mi nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà. Ilé rẹ̀ ní Park Forest ni mo dé sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú yìí, orí àga pálọ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn. Ó ní ẹṣin kan. Kàmórù ọmọ rẹ̀ ló ń wà á. Àìsàn ti wọ Àlàájì lára nígbà náà, ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí ọmọ rẹ̀ wa ẹṣin yẹn nínú eré ńlá ìparí ọdún, kí ojú òun rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹṣin náà ló kọ́kọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí ẹsẹ̀ ọ̀tún Kàmórù ní itan ẹṣin. A wo fídíò rẹ̀, ó hàn kedere. A gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó wá jẹ́jọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó bá mi níbi tí mo gbé mọ́tò sí. "Daddy, I swear, ẹsẹ̀ mi slip ni."

"Níwájú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o ti sọ ọ́. Má sọ ọ́ fún èmi nìkan."

Ìjìyà rẹ̀ ì bá má ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Kàmórù ì bá padà kí eré ńlá tó dé.

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn àgbà mọ́sáláṣí wọlé mi ní Matteson pẹ̀lú agbádá, Àlàájì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá. Mo mọ ohun tí wọ́n bá wá. Láàárín wa, bí ọmọ bá ṣẹ̀, àgbà ló ń bá a bẹ̀bẹ̀, wọn kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ mi ni pé mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gbọ́ ọ, àfi kí n sọ fún ọ̀gá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Bàbá Sàkà, tó dàgbà jù nínú wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ràṣídì, ṣé ebi ló gbé wa dé Matteson? Ọmọ rẹ ni Kàmórù. Fọwọ́ wọ́nú."

Àlàájì ti sọ ọ̀pá sílẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo gbá a mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́! Ẹ má ṣe é!"

"Ṣé o rántí àga tí o sùn lé?" ló bi mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni, pé bí a ti ń ṣe nílé nìyẹn.

"Níbí," ló wí, "fífúngun mọ́ adájọ́ là ń pè é."

Ó yọ mí kúrò nínú ẹjọ́ náà. Nítorí ẹ̀bẹ̀ yẹn, wọ́n fi kún ìjìyà, wọ́n ní Kàmórù kò gbọdọ̀ wa ẹṣin mọ́ títí ọdún yẹn fi parí. Bẹ́ẹ̀ Kàmórù fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn àgbà wá.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni Àlàájì ti wo eré ńlá, ẹlòmíràn ló wa ẹṣin rẹ̀. Yìnyín ọdún náà kò tíì yọ́ tán tó fi kú. Nígbà ìsìnkú, Kàmórù bọ̀ mí lọ́wọ́. "Thank you for coming, sir." Kò pè mí ní Daddy.

Ọkùnrin kan ní Aurora ra ẹṣin náà. Kàmórù jogún ilé Park Forest. Tírélà ló ń wà báyìí. Àga mi lókè ibi eré bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ mi àti tirẹ̀ jogún àìkíra-ẹni, wọ́n ń ṣe é ní mọ́sáláṣí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Awò yẹn, mo dì í, mo fi ránṣẹ́ sí Kàmórù, nítorí owó bàbá rẹ̀ la fi rà á. Ó dá a padà láìtú u. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, bébà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.