Aṣọ Òtútù Nínú Ooru Amúkókò

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi, ẹ̀ẹ̀rùn le gan-an. Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Amúkókò, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, páànù lórí, kò sí sílìn. Tí ọ̀sán bá pọ́n, páànù á máa ké pà, pà lókè orí wa, a ó sì máa mí bí ẹni tó ń gun òkè. Iná kì í sábà sí. Fáànù kàn so rọ̀ síbẹ̀ lásán ni.

Ìyá ọkọ mi ti ìlú wá láti bá mi wẹ ọmọ. Kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e. Ó kó aṣọ òtútù wá nínú báàgì: fìlà wúùlù, ìbọ̀sẹ̀, swẹ́tà. Tó bá ti wẹ ọmọ tán láàárọ̀, á fi àdí pa á lára, á wọ gbogbo rẹ̀ fún un, á sì ti fèrèsé. Ó ní òtútù kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Mo rí i pé ooru ti sú sí ọmọ lọ́rùn àti lábíyá, àmọ́ mi ò lè sọ̀rọ̀. Ta ni mí, èmi ìyàwó àná, tí màá máa kọ́ ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú? Ọkọ mi tí ì bá bá mi sọ ọ́, awakọ̀ tírélà ni. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà àwọn ọkọ̀ tó ń wọ èbúté ní Creek Road, ó ń dúró kí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ọmọ sí ọmú, kò mu ún. Ètè rẹ̀ gbẹ. Mo tú nápíkìn rẹ̀ wò, bí a ṣe so ó láàárọ̀ náà ló wà, kò tọ̀ rárá. Mo wá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná janjan bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ṣùgbọ́n kò làágùn mọ́. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, kò wo ibì kankan. Mo rò pé gìrì ló fẹ́ gbé e.

Mo pe ìyá ọkọ mi. Òun náà fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òtútù ti wọ ọmọ lára, ó sì fa bùláńkẹ́ẹ̀tì kí ó fi kún aṣọ ara ọmọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dì í mú.

"Mà, ẹ má bínú," ni mo wí. "Ooru ló ń pa ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ n tú aṣọ ara rẹ̀."

A jọ di etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà mú, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ti ọmọ bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un, mo gbé ọmọ, mo jáde láìwọ bàtà. Ó sáré tẹ̀ lé mi.

Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ni mo ti bọ́ fìlà, swẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀. Èrò àti ọkọ̀ kún ọ̀nà Boundary, a ń rìn bí ahun. Mo tẹ etí mi mọ́ àyà ọmọ, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo gbọ́. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Ìyá ọkọ mi ń fi gèlè rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní ilé ìwòsàn. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fèrèsé, ó ń fi aṣọ tútù nù ún láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n máa fi páálí fẹ́ ẹ. Mo ní kí n sáré ra omi yìnyín, ó ní rárá, omi lásán ló dáa. Nígbà tó yá, ó wo àwọn aṣọ náà, ó béèrè ẹni tó wọ̀ wọ́n fún ọmọ nínú irú ooru yìí. Mo dorí kodò.

"Èmi ni," ìyá ọkọ mi dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ò bú u. Ó ní aṣọ fẹ́lẹ́ kan ti tó, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ọmọ máa mu ọmú léraléra, kí a sì máa wo nápíkìn rẹ̀, torí ọmọ tí kò bá tọ̀, omi ti ń tán lára rẹ̀ nìyẹn.

A jókòó, à ń retí. Ìyá ọkọ mi wá sọ fún mi pẹ̀lẹ́ pé márùn-ún ni ọmọ òun tẹ́lẹ̀. Ìkẹta ń húkọ́ nígbà ọyẹ́, òun sì fi aṣọ kan ṣoṣo pọ̀n ọ́n lọ oko. Òtútù àyà ló pa á.

"Láti ọjọ́ yẹn," ó ní, "mi ò lè wo ọrùn ọmọ tuntun ní ìhòòhò."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ tó tọ̀ sí nọ́ọ̀sì lápá, tó sì ké. Ẹkún náà ò le, àmọ́ mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo kàn sọ fún un pé ara ọmọ gbóná. Ìyá rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ò lọ. Tí ọmọ bá sùn pẹ́ lọ́sàn-án, màá na ìka sí abẹ́ imú rẹ̀ wò bóyá ó ń mí. Nígbà mìíràn, màá bá ìka ìyá ọkọ mi níbẹ̀.