Ojúlówó sílíìkì tí mo fi ń bo ẹrù

Obìnrin ará Íńdíà kan finá sí aṣọ mi ní ọjà Aswani lónìí. Èmi náà ni mo fún un ní ìṣáná.

Ó ní sílíìkì lòun fẹ́. Ó ti pẹ́ ní Ìsọlọ̀, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo na èyí tí mo gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù sí i, èyí tó ń dán yinrin. Ó fa òwú kan yọ létí ẹ̀, ó gba ìṣáná lọ́wọ́ mi, ó ṣáná sí i. Òwú bá yọ́ bíi ọ̀rá.

Inú bí mi. "Màdáàmù, ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń rajà ni?"

"Má bínú. Kanchipuram ni wọ́n bí mi sí, sílíìkì ni wọ́n ń hun níbẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ń dán an wò nìyí. Ojúlówó kì í yọ́."

Ló bá tọ́ka sí aṣọ àtijọ́ tí mo fi ń bo ẹrù nítorí eruku.

Mo ní, "Èyí? Ẹ sun ún tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Òwú yẹn ò yọ́. Ó di eérú, ó ń rùn bí irun tó jóná.

Mo mọ òórùn yẹn. Bàbá mi ní Ìsẹ́yìn náà máa ń fi iná dán òwú sányán, sílíìkì tiwa, wò báyìí.

Mo ní, "Ta ló ń hun ún nílé yín báyìí?"

"Kò sí. Nílé tiyín ńkọ́?"

"Kò sí."

Kò ná aṣọ náà. Èmi náà ò pe iye kankan. Mo kàn gbọn eruku ara ẹ̀, mo ká a sínú báàgì mi.

Ẹ̀yin ọmọ ahunṣọ tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló kù nídìí òfì nílé yín?