Búlúù Inú Ẹ̀wù Nathaniel

Fọlárìn ti ń ya fọ́tò ní Ìjerò-Èkìtì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí fóònù tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Awò ojú rẹ̀ nípọn débi pé bó bá wo èèrà, èèrà náà á rò pé ẹṣin lòun. Kò káwọ́ gbera o. Ó ra ẹ̀rọ tí í gbé àwòrán ara fíìmù àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, làwọn èèyàn bá ń kó nẹ́gẹ́tíìfù wọn tọ̀ ọ́ wá láti Ìlórò títí dé Aramọkọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Màmá Christiana gun ọ̀kadà wá láti Erijiyan, ó di nẹ́gẹ́tíìfù kan ṣoṣo sí etí aṣọ. Ikán ti jẹ fọ́tò Nathaniel ọkọ rẹ̀ tán, férémù nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rèé tí bàbá náà ti lọ, kò sì sí ọmọ-ọmọ kan tó mọ ojú rẹ̀. Ìsìn ìrántí rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà.

"Èmi alára ti ń gbàgbé imú rẹ̀," ni màmá wí.

Fọlárìn ki fíìmù bọ ẹ̀rọ. Nẹ́gẹ́tíìfù kì í jẹ́ kéèyàn mọ ojú ẹni: dúdú á di funfun, funfun á di dúdú, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú epo pupa. Kọ̀ǹpútà yí i padà, Nathaniel sì yọ nínú ẹ̀wù funfun akọrin, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọ̀ gbogbo ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀gẹ́. Èyí kò ba Fọlárìn lẹ́rù. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni pé kéèyàn wá ohun tó funfun nínú àwòrán, kó tọ́ka sí i fún kọ̀ǹpútà, àwọ̀ yòókù á sì tẹ̀ lé e. Kí ló tún funfun ju ẹ̀wù akọrin lọ? Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù di lékeléke, ṣùgbọ́n ojú Nathaniel pọ́n rúsúrúsú bí ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ń bá jà láti èṣí.

Màmá wò ó títí. Ó ní ọkọ òun dúdú bí kóró kòkó tó ti gbẹ. Bóun bá gbé eléyìí dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní òun ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Fọlárìn tún un ṣe, ibà kò kúrò lára Nathaniel. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé fíìmù náà ti bàjẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́. Ló bá béèrè bóyá ẹ̀wù náà tilẹ̀ funfun lóòótọ́.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Àbámẹ́ta," ni màmá dáhùn. "Àwọn ìyàwó akọrin yòókù á da búlúù sómi lẹ́ẹ̀kan, èmi á dà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ọkọ tèmi lè tàn jù wọ́n lọ."

"Màmá, ṣé ẹ kò fẹ́ fi aṣọ bàbá ṣe ojú ọ̀run báyìí?"

"Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú."

Àṣé búlúù màmá ni kọ̀ǹpútà ń fi agídí bó, tó wá ń sọ bàbá di aláìsàn. Fọlárìn fi ẹ̀wù sílẹ̀, ó tẹ òpó símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò tíì kùn, tó rí bí eérú, tí kò ní àwọ̀ kankan tí kọ̀ǹpútà á bó. Ẹ̀wù rọra gba búlúù rẹ̀ padà. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ bàbá pọ́n bí ilẹ̀ Erijiyan. Ojú náà wá dúdú, ó ń dán, èjí yọ láàárín eyín.

Màmá fa àga súnmọ́ ọn.

"Òun nìyí. Wò ó, ó fẹ́ rojọ́ pé ọrùn ẹ̀wù ń yún òun."

Ọ̀kadà dé láti gbé màmá, màmá ní kó dúró ná, kí Fọlárìn má sì tíì pa kọ̀ǹpútà. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ fún un, látorí àgbà dé orí èyí tó ń rákò.