Sípíkà Ọjọ́ Àdúà Àlàájì

Màmá wa àgbà, ìyá bàbá mi, tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn lé aṣọ dúdú tó bo ojú sípíkà náà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Orin ń lọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìlù inú àwo orin náà ń dún gbì, gbì, páànù òkè orí wa ń mì, àwọn ìgò ìpara tí wọ́n tò sórí pákó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí. Ẹ̀rín bọ́ sí màmá wa lẹ́nu.

"Ó ń wọ inú egungun mi," ni wọ́n wí.

Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Òun náà ni ì bá wù mí kí n gbàgbé.

Ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní Ẹdẹ níbí. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Rédíò ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé kí a ṣọ́wó ná. Wọ́n ti fòfin de ọ̀pọ̀ ọjà òkè òkun, mílíìkì àti ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń tò fún láti ìdájí. Nínú ọ̀wọ́n yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Mẹ́kà dé, tó ní sípíkà tòun lòun máa rà, pé Àlàájì kì í háyà sípíkà láti fi ṣàdúà ìdúpẹ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Mo gbìyànjú, ọwọ́ mi kọ̀.

Ọṣẹ dúdú ni màmá wa ń sè. Òórùn àdín àti ẹ̀fín igi ló máa ń jí mi láàárọ̀, màá gbọ́ bí igi tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ ṣe ń ha ìdí ìkòkò, màá sì gbọ́ orin. Màmá wa ni aṣáájú àwọn obìnrin tó ń kọ wákà ní agbo ilé wa. Ohùn wọn kò nípọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ́ bí omi òjò tí a gbè. Bí ẹnì kan nínú àwọn elégbè bá gbé ọ̀rọ̀ mì, wọ́n á dá orin dúró. "Ẹsẹ̀ ló ni ìlù," ni wọ́n máa ń wí. "Etí ló ni wákà. Tún un sọ."

Owó ọṣẹ yẹn ni wọ́n fi kọ́ yàrá méjì tó kọjú sí títì. Inú ibẹ̀ ni èmi àti ìyá mi ń gbé, torí bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́n dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ogún tí agbo ilé wa ń tẹ̀lé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú kì í bá àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pín ogún ìyá wọn. Màmá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi tọrẹ nígbà tó wà láàyè, tí àwọn èèyàn sì jẹ́rìí sí i, kì í bọ́ sínú ogún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń gé ọṣẹ, tí èmi ń fi ewé wé e, wọ́n sọ fún ìyá mi pé ọjọ́ àdúà Àlàájì làwọn máa fi yàrá náà ta á lọ́rẹ, pé inú wákà làwọn máa ti sọ ọ́.

"Ẹ kúkú pe èèyàn méjì, Ìyá," ni ìyá mi wí.

"Èèyàn méjì lè kú. Wọ́n lè yí wọn lọ́kàn padà. Bí mo bá kọ ọ́ lórin lójú gbogbo àdúgbò, ta ni yóò ní òun ò gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń run pákó. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Kò burú, Ìyá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Àwọn ọmọ rẹ̀ á ka èyí. Kí wọ́n kà á.

Ìdí nìyẹn tí màmá wa fi bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì mú mi dání. Oríṣi sípíkà mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù fún ọkùnrin tó ń tà á, ọmọ ìlú Àwo kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó kọ́kọ́ fún màmá wa ní makirofóònù, wọ́n sì fi ìlà wákà kan dán sípíkà àkọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ wọn jáde, àmọ́ ó dà bí ohùn eṣinṣin nínú ìgò. "Èyí mọ́," ni ọmọ Àwo wí, "ṣùgbọ́n kò ní ikùn, kò ní béèsì." Wọ́n kọrin nínú èkejì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yọ gedegbe, ó tún ní nǹkan lábẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọrin nítòsí kànga. Mo bojú wo òkè, mo rò pé a ti rí i.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, èyí tó ga tó mi léjìká, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba makirofóònù lọ́wọ́ wọn. "Ẹ má dá ara yín lágara mọ́, Ìyá. Àwo orin ti tó." Ó ní kí wọ́n yí i sókè. Ìgbà náà ni màmá wa fọwọ́ kan aṣọ dúdú yẹn tí wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àlàájì, èkejì ni kí ẹ mú," ni ọmọ Àwo wí. "Ó mọ́, béèsì rẹ̀ náà ò kéré."

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń ra sípíkà fún? Mo fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ lọ́hùn-ún ní Àwo yín."

"Wọ́n á gbọ́ ọ, sà. Wọn ò kàn ní mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni."

Ọmọ Àwo nìkan ló rẹ́rìn-ín. Mo fa ìró màmá wa. Mo ní kí wọ́n kọrin nínú èyí náà.

"Àjọkẹ́, jẹ́ kí n gbádùn ara mi," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ohun tó lágbára tó báyìí, ohùn arúgbó ni kò ní lè gbé?"

Ní ọjọ́ àdúà, wọ́n gbé àpótí méjì sípíkà ńlá tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi padà rà sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n fún onílù sákárà ní makirofóònù tirẹ̀. Túràrí àti ìrẹsì ń ta sánsán, àwọn ọmọdé ń fi ikùn ti sípíkà kó lè máa rìn wọ́n. Láàárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin agbo ilé wa, ohùn yẹn kò rí ibi gbà jáde. Ó kàn ń yí po ni, gbùù, gbùù, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gòkè. Àwọn elégbè wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, èmi nìkan ni mo jókòó síbi ẹsẹ̀ màmá wa, nítorí náà ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe sípíkà:

"Yàrá méjì tó kọjú sí títì, ọṣẹ ni mo fi kọ́ ọ,
Mo fi ta ìyàwó ọmọ mi tó kú lọ́rẹ, àtòun àtọmọ rẹ̀,
Lójú ayé mi ni mo yọ ọ́ kúrò nínú ogún,
Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bá mi jẹ́rìí sí i."

Mo dìde, mo sá lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìlù kù. Wọn ò gbọ́ ohun tí màmá ń sọ."

"Ṣé ìwọ lo rà á?"

Bí mo ṣe ń padà lọ jókòó, obìnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ni ìyá ń wí. Ẹnì kejì ní, "Wọ́n ń ṣàdúà fún Àlàájì ni." Ó sì ké àmín. Àmín náà gbà kiri, gbogbo agbo ilé ṣe àmín.

Màmá wa bu omi mu, inú wọn dùn. "Ó parí. Gbogbo èèyàn ti gbọ́."

Ìyá mi jáde láti ìdí ààrò, ojú wọn pọ́n. "Ìyá, wọn ò gbọ́ o. Èmi gan-an ò gbọ́."

"Àmín tí wọ́n ṣe ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é sí?"

A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn, láìsí ìlù. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní aṣáájú wákà kì í tọrọ etí. Bí a bá sì ti fẹnu kàn án, wọ́n á mú igi ọṣẹ wọn, wọ́n á máa ro ìkòkò kíkankíkan títí a ó fi dákẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni màmá wa kú. Nígbà tí àwọn àgbà jókòó láti pín ogún, wọ́n béèrè ẹni tó gbọ́ ọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó parọ́. "A gbọ́ ohùn wọn," ni gbogbo wọn ń wí, "a ò gbọ́ ọ̀rọ̀." Mo dìde, mo kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọdé ni. Ọmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì tún ni." Èmi àti ìyá mi kó ẹrù wa lọ sí Àlájùé, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi yàrá kan ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó fi èkejì háyà.

Mo kàwé, mo di olùkọ́, mo di ọ̀gá ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ mí, n kò sì tíì rí i ṣe fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun mọ ohun tó ń rà. Màmá wa ni mo máa ń bá jà nínú ọkàn mi, bí mo bá dá wà. Èmi tí mo mọ ohùn wọn ti ìdí ìkòkò, mo mọ ibi tó lè dé. Bí wọ́n bá ti gbé makirofóònù yẹn sílẹ̀, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí ìlù dákẹ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, àwọn tó jókòó níwájú nìkan ì bá tó wa í ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń dá orin dúró. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí elégbè gbé mì. Ọjọ́ kan péré tó jẹ́ pé tiwa ni, wọ́n jẹ́ kó máa lọ.